Koríko Tí A Kì Í Fi Ọ̀bẹ Gé

Ọkùnrin náà ga. Ó dúró sáàárín àbàtà bí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì gbàgbé, òjò wẹ́wẹ́ ń rọ̀ sí i lórí, ọ̀bẹ gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gé koríko Bríd Mímọ́ bí ẹni ń gé oúnjẹ màlúù. Úna McGovern rí i láti ojú títì. Ó tẹ bíréèkì mọ́tò rẹ̀ débi pé gbogbo ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé tó kó sẹ́yìn fọ́n ká. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gun ọgbà kọjá, ó sì kọrí sí ọkùnrin náà pẹ̀lú bàtà tíṣà tí kò bá àbàtà ṣọ̀rẹ́ rárá.

"Ẹ dákun, ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?" Ohun tó fi kí i nìyẹn.

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Màlúù nìkan ló wà níbẹ̀. "Kí ni mo ṣe?"

"Ọ̀bẹ yẹn ni. A kì í fi irin kan koríko Bríd. Fífà là ń fà á, ọwọ́ lásán, láti ìdí. Ìyá yín ò sọ fún yín?"

Ojú ọkùnrin náà yí padà díẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá. Úna ò rí i, nítorí àsìkò yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Ó fa ẹsẹ̀ yọ, bàtà kọ̀ láti tẹ̀ lé e. Tíṣà wá dúró lẹ́sẹ̀ kan bíi lékeléke, gbogbo ìbínú rẹ̀ sì ti bá bàtà wọlẹ̀.

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó kọ́kọ́ wu Úna lára rẹ̀ nìyẹn. Ó ki ọ̀bẹ bọ àkọ̀, ó gbé èjìká fún un kó dì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà yọ, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó sì wọ̀ ọ́ fún un bí ìgbà tí a bá ń wọ bàtà fún ọmọ tó ń lọ sí Máàsì. Lẹ́yìn náà ló wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́ òun.

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kìíní, àìsùn ọdún Bríd Mímọ́, obìnrin mímọ́ ilẹ̀ wa, ní Drumlara níhìn-ín, ní ilẹ̀ Cavan tí òkè kéékèèké rẹ̀ kò lóǹkà, tí àárín òkè méjì kì í sì í gbẹ láéláé. Killian Galligan lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, ó ní ọgọ́ta màlúù tó ń fún wàrà wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló lò ní Ọsirélíà, nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ló padà wálé wá bá ìyá rẹ̀ àti màlúù. Ilé ìwé ló kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ẹni tó bá ní ilẹ̀ olómi bá àwọn kó ìdì koríko kan wá, kí àwọn ọmọ lè fi hun àgbélébùú Bríd. Killian wo ilẹ̀ tirẹ̀, ó rí i pé olómi ni gbogbo rẹ̀, ó sì mú ọ̀bẹ.

Wọ́n jọ fa koríko fún bíi wákàtí kan. Ọwọ́ Úna pọ́n, imú rẹ̀ pọ́n. Killian béèrè pé kí ló dé tí irin kì í fi í kan án.

"Èmi ò mọ̀," Úna dáhùn. "Ìyá mi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò gé e rí."

"Ìdáhùn tíṣà nìyẹn?"

"Ìdáhùn ọmọ ìyá mi nìyẹn."

Nígbà náà ni Killian rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run mi, ẹ̀rín náà sì dára. Ó jọ ẹ̀rín ẹni tó ti fi í pamọ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Úna yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ka koríko tí kò nílò kíkà.

Lọ́jọ́ kejì Killian gbé koríko dé kíláàsì. Úna ò jẹ́ kó lọ. Ó fi í jókòó lórí àga àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì kọ́ òun náà mọ́ àwọn ọmọ. Bó ṣe ń kọ́ wọn ló ń pìtàn ibi tí àgbélébùú náà ti wá: ìjòyè kan tí kò mọ Ọlọ́run ń kú lọ, orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n ránṣẹ́ pe Bríd. Bríd jókòó tì í. Kò wàásù. Ó ṣa koríko tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ yàrá, ó ń hun ún jẹ́ẹ́, títí ara ọkùnrin náà fi balẹ̀, tó sì béèrè pé kí ló ń hun yẹn. Ìgbà yẹn ló tó sọ ti Ọlọ́run àti àgbélébùú fún un. Úna máa ń tẹnu mọ́ ibẹ̀ fún àwọn ọmọ, pé Bríd dúró kí wọ́n béèrè. Tíṣà ni. Ó fẹ́ràn ìbéèrè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló padà gbàgbé rẹ̀.

Àgbélébùú tí Killian hun wọ́ bí ẹsẹ̀ ajá tó ṣẹ́. Úna gbé e kọ́ sí ilé tirẹ̀, sókè ilẹ̀kùn, ó sì sọ fún un pé òun ò rí èyí tó dára tó o. Irọ́ gbuu ni, inú Killian sì dùn.

Láti ọjọ́ náà, ìgò wàrà kan kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà Úna láàárọ̀ Sátidé. Úna ní wọ́n ń ta wàrà ní ṣọ́ọ̀bù. Killian ní òun mọ̀. Tíṣà ló ń pè é, àní nígbà tí wọ́n ti dé ibi tí èèyàn ti ń fi orúkọ pe ara wọn. Nígbà tó yá ó di "Tíṣà mi," ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́. Wọ́n máa ń rìn lọ sí etí adágún lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Máàsì, wọ́n á jẹ pòtétò tí wọ́n fi bọ́tà gún nílé Úna, Killian á fọ abọ́. Gbogbo Drumlara rí wọn. Gbogbo Drumlara ṣe bí ẹni tí kò rí wọn, bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn níhìn-ín.

Àléébù kan ni Killian ní. Kì í sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìgbéraga, kì í ṣe àrékérekè, ọ̀rọ̀ ni kì í yọ. Lẹ́ẹ̀kan péré, létí adágún, ló sọ fún Úna pé òun ní àbúrò obìnrin kan tẹ́lẹ̀, Breda lorúkọ rẹ̀, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú un lọ lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, lẹ́yìn ìyẹn lòun sì ṣe lọ Ọsirélíà. Ó sọ ọ́ tán, ó kọjú sí omi. Úna di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò béèrè nǹkan kan sí i. Ó rò pé àpọ́nlé ni. Báyìí ni ẹni tó yẹ kó sọ ò sọ, ẹni tó yẹ kó béèrè ò béèrè.

Ọdún yípo. Lọ́dún yẹn ni ìjọba fún Bríd Mímọ́ ní ọlidé tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ Ajé odindi tí ilé ìwé àti báǹkì ń tì. Ó mà pẹ́ o. Patriki, ẹni mímọ́ kejì tí à ń ṣọdún rẹ̀, ti ń gba tirẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, pẹ̀lú ọtí àti aṣọ aláwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ àlejò ni Patriki, wọ́n jí i gbé wá sí ilẹ̀ yìí ni. Bríd ni ọmọ onílẹ̀. Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé rárá ni àwọn baba ńlá wa ti ń júbà Bríd kan, oníná, alágbẹ̀dẹ, akéwì, ní àsìkò tí ọmú àgùntàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, tí òtútù bá ń kó ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Bríd kejì dé, obìnrin Ọlọ́run ti Kildare, tó jogún orúkọ, tó jogún iná. Ibi tí ti èkíní parí sí, tí ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ò tíì bá ara wọn sọ ọ́ yanjú. Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ yanjú. Obìnrin tó ní kí ọba fún òun ní ilẹ̀ tí aṣọ ìborùn òun bá lè bò! Ọba rẹ́rìn-ín, ó ní ó gbà. Aṣọ náà ń tẹ́ lọ, ó ń tẹ́ lọ, títí ó fi bo gbogbo pápá. Ẹ̀rín ọba ò pẹ́.

Lọ́jọ́ ọlidé yẹn, wọ́n tan iná aláràbarà sára àwọn ilé ńláńlá ní Dublin, àwọn obìnrin kọrin, wọ́n ké ewì. Ní Drumlara, àwọn ìyá àgbà jókòó sínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé ní híhun, títí kan àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ Íńdíà tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọwọ́ tiwọn yá ju tiwa lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni Killian yàn láti mú Úna lọ rí ìyá rẹ̀.

Attracta Galligan kéré lójú, ilé rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gba Úna tọwọ́tẹsẹ̀. Ó gé búrẹ́dì, ó fi bọ́tà tó nípọn sí i, ó bi í léèrè bàbá àti ìyá rẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Lójú ẹsẹ̀ ni màlúù kan tó fẹ́ bí ké ní ilé ẹran. Attracta àti Killian sáré jáde, wọ́n ní kí Úna máa mu tíì rẹ̀.

Úna nìkan ló kù ní ilé ìdáná. Àgbélébùú tuntun tó hun wá fún ìyá Killian wà nínú àpò rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ògbólógbòó kan lókè ilẹ̀kùn, ó ti dúdú fún èéfín, apá rẹ̀ kan ti já. Ní ilé bàbá Úna, ní Leitrim, nígbà tí tuntun bá dé, inú iná ni wọ́n máa ń fi ti àtijọ́ sí, pẹ̀lú àdúrà, kí iná má baà jó ilé lọ́dún náà. Bí wọ́n bá rí ti àtijọ́ lókè ilẹ̀kùn obìnrin kan níbẹ̀, ọ̀lẹ ni wọ́n á pè é. Úna rò pé ìyá àgbà ò lè gun àga mọ́ ni. Ó fẹ́ ran obìnrin náà lọ́wọ́. Ó gun àga, ó gbé ti àtijọ́ kúrò, ó fi tuntun rọ́pò, ó ṣí ẹnu ààrò onírin, ó gbàdúrà, ó sì jù ú sí i. Koríko gbígbẹ ni. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi jóná tán.

Attracta wọlé, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Bó ṣe máa ń gbójú sókè ní ẹnu ilẹ̀kùn yẹn nígbà gbogbo, ó gbójú sókè.

"Níbo ló wà?"

Úna rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti bá wọn jó o, mà, pẹ̀lú àdúrà.

Attracta fi ọwọ́ wá àga, ó jókòó. Kò pariwo. Ìbá ti pariwo, ìbá sàn. "Breda ló hun ún," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú." Lẹ́yìn náà ló sọ fún Killian, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, pé kó bá àlejò mú kóòtù rẹ̀ wá.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní ilé Galligan, wọn kì í jó ti àtijọ́. Wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ ni. Breda ló sì máa ń hun ún lọ́dọọdún. Láti ìgbà tó ti kú, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kí koríko Bríd wọ ilé náà mọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọmọ náà. Killian mọ gbogbo èyí. Kò ro ó pé ó yẹ kí òun sọ ọ́. Ó bẹ Úna nínú mọ́tò títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹ̀bi òun ni. Òótọ́ ni, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Úna ló jó o, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣí ààrò, kò sì lè sùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Úna kọ ìwé sí Attracta. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún náà. Killian ní ìyá òun kì í ṣí wọn, ẹ̀yìn aago ló ń kì wọ́n sí. Wọ́n ṣì ń pàdé, létí adágún, nínú mọ́tò, bí ẹni tó jalè. Killian kò lè mú un lọ sílé, kò sì lè fi ìyá àti màlúù sílẹ̀. Ìfẹ́ ò dín rárá. Ọ̀nà ni kò sí.

Nígbà tó di Kérésìmesì, ilé ìwé kan ní Galway ní kí Úna wá ṣe ọ̀gá àgbà. Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù kejì ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó sọ fún Killian létí adágún.

"Ibi iṣẹ́ dáadáa ni," Killian sọ.

"Mo mọ̀."

"Ìyá mi ò ní ẹlòmíràn, Tíṣà."

"Mo mọ̀. Èmi náà ò ní ẹlòmíràn."

Killian ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò lè ní kó o máa dúró dè mí lójú títì."

"Nígbà náà, ní kí n ṣe nǹkan mìíràn. Ohun yòówù. Béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, Killian, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Úna wa mọ́tò lọ sílé, ó sì kọ lẹ́tà tó fi gba iṣẹ́ Galway. Ó fi í sínú àpò kóòtù rẹ̀, kò tíì lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Lójoojúmọ́ ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀la lòun máa fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kìíní tún dé. Ní àsìkò ìsinmi ọ̀sán nílé ìwé, fóònù Úna dún. Killian ni. "Tíṣà," ó ní. "Ìyá mi so aṣọ síta. Aṣọ Bríd. Sórí igi ẹlẹ́gùn-ún."

Úna jókòó. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí síhìn-ín ló mọ aṣọ náà: gbogbo ilé ló máa ń so aṣọ kékeré kan síta lọ́jọ́ yẹn, kí Bríd fọwọ́ kàn án bó bá ń kọjá, wọ́n á sì fi í pamọ́ fún orí fífọ́ àti àìsàn gbogbo. Láti ọdún tí Breda ti kú, igi ẹlẹ́gùn-ún àwọn Galligan ò rí aṣọ. Ó béèrè ohun tí ìyá sọ.

"Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn béèrè bóyá òjò máa rọ̀."

Ọdún náà ni oṣù kejì ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìtàn kan wà níhìn-ín pé Bríd lọ bá Patriki, ó fẹjọ́ sùn pé àwọn obìnrin ń darúgbó níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkùnrin tí kò lè la ẹnu. Patriki ní ó dáa, kí obìnrin máa fúnra rẹ̀ béèrè pé kí ọkùnrin fẹ́ òun lọ́dún méje-méje. Bríd ò gbà. Ó ná an títí ó fi di ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, irú ọdún yìí gan-an. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé Cavan, tó mọ àwọn ọkùnrin wa, á gbà pé ó yẹ kó jẹ́ òótọ́.

Bí ilé ìwé ṣe jáde, Úna wọ bàtà rọ́bà. Ọgbọ́n ti dé. Ó lọ sí àbàtà kan náà, òun nìkan, ó fa koríko títí ó fi kún apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì gbé e gun òkè lọ sí ilé Galligan. Oòrùn ń wọ̀. Bí obìnrin náà bá fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó parí nìyẹn, lẹ́tà á lọ sí Galway lọ́la, òun náà á tẹ̀ lé e.

Bí a ṣe ń mú Bríd wọlé lálẹ́ yẹn nìyí. Ẹnìkan á gbé koríko dúró síta, Bríd ni fún wákàtí yẹn, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ jẹ́. Á ké sí àwọn ará ilé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ará ilé á kúnlẹ̀, wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì ṣílẹ̀kùn. Breda ló máa ń dúró síbẹ̀, láti ìgbà tó ti lè gbé koríko títí di ọdún tó kú.

Úna kan ilẹ̀kùn. "Ẹ kúnlẹ̀, ẹ la ojú yín, ẹ jẹ́ kí Bríd wọlé."

Nínú ilé, Killian ń jẹun. Ṣíbí dúró láàárín abọ́ àti ẹnu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kẹ́tù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mira. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Ẹ kúnlẹ̀, ẹ la ojú yín, ẹ jẹ́ kí Bríd wọlé."

Afẹ́fẹ́ tutù ń fẹ́ Úna lẹ́yìn. Ó ti ń rò pé bóyá kí òun gbé koríko náà sílẹ̀ kí òun máa lọ, nígbà tí ohùn Attracta jáde wá, ó gbẹ, ó súnmọ́ ilẹ̀kùn gan-an.

"Ṣé fífà lo fà á, àbí gígé lo gé e?"

"Mo fà á ni, mà."

"Ọwọ́ lásán?"

"Ọwọ́ lásán, mà."

Úna pe ẹ̀kẹta. Ó gbọ́ tí àga rìn nílẹ̀ inú ilé. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ń mí bí àgbà ṣe máa ń mí nígbà tó bá ń kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn méjì para pọ̀, ti ìyá ló ṣáájú. "Ó káàbọ̀, ó káàbọ̀, obìnrin mímọ́."

Killian ló nawọ́ láti orí ìkúnlẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn. Úna wọlé, òun náà kúnlẹ̀, ó kó koríko sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì bó ṣe yẹ. Ó ti ṣètò ọ̀rọ̀ tó dára lórí òkè. Gbogbo rẹ̀ sá lọ. "Màmá, ẹ dárí jì mí," ló kù. "Mo jó ohun tí mi ò lè hun padà."

Attracta ń tún koríko náà tò lórí ara wọn, ó ń wo ìdí wọn. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi wo nǹkan yẹn," ó ní. "Mi ò gbàdúrà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mò ń bá Bríd Mímọ́ bínú ni. Nígbà tó o wá jó o, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìwọ bínú. Ìyẹn rọrùn díẹ̀, nítorí ìwọ, mo lè rí ẹ." Ó nu imú. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ka àwọn ìwé rẹ. O bi mí bí ohùn Breda ṣe rí. O bi mí bóyá ọwọ́ òsì ló fi ń hun. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan nípa ọmọ yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín. Kò sẹ́ni kankan. Títí kan eléyìí." Ó fi orí júwe Killian, Killian sì wolẹ̀.

"Ọwọ́ wo ló fi ń hun, mà?"

"Òsì," Attracta wí. "Nǹkan rẹ̀ kì í gún régé. Ohùn rẹ̀ ga, ó máa ń pè wá níta yẹn bí ẹni ń dá màlúù padà." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Omi ló dànù, ọmọ mi. Agbè ò fọ́."

Úna sunkún tó. Nígbà tó tán, ó kọjú sí Killian. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, koríko láàárín wọn.

"Killian Galligan," ó ní, "ọdún tí wọ́n gba obìnrin láyè nìyí, mi ò sì ní dúró de ọdún mẹ́rin mìíràn. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Killian la ẹnu. Ẹnu náà là dáadáa. Ọ̀rọ̀ ò jáde.

"Dá obìnrin lóhùn, Killian," ìyá rẹ̀ wí. "Orúnkún ń dùn mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Killian wí. Nígbà tí èkíní ti jáde, ìyókù tú dà sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà mi. Láti ìgbà tí bàtà rẹ ti wọ ẹrẹ̀ ni. Mo fẹ́ béèrè létí adágún, mo fẹ́ béèrè ní Kérésìmesì, mo ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn màlúù láti ọdún kan." Ó di ọwọ́ Úna tó pọ́n mú, ó fi bo ojú ara rẹ̀, kò sì tijú pé ìyá òun wà níbẹ̀.

Wọ́n ran Attracta dìde. Wọ́n jẹun, wọ́n jókòó yí tábìlì ká, wọ́n hun. Ti Killian tún wọ́. Attracta fi ọwọ́ òsì hun tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tún ló ń lò, kó lè rí bí ti Breda ṣe máa ń rí. Ti Úna tèṣí ò sí lókè ilẹ̀kùn mọ́, ṣùgbọ́n àmì dúdú tí ti Breda fi sára ògiri ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kùn ún. Killian gun àga, ó gbé tuntun kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bò ó.

Úna wá rántí kóòtù rẹ̀. Ó fa lẹ́tà Galway yọ nínú àpò, ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó kọjú sí ìyá.

"Màmá, mo fẹ́ jó nǹkan kan nínú ààrò yín."

Attracta wò ó. "Kí ni?"

"Lẹ́tà tó ní mò ń kó lọ."

Attracta gba lẹ́tà náà, ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ó dá a padà fún un. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣí ẹnu ààrò fún un fúnra rẹ̀.